Òru Ta Ni Wọ́n Fi Ṣe Ètò Náà?

Orè,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Odìgbó,
Ìpínlẹ̀ Òǹdó.

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. Inú mi dùn pé àwọn ará ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní Odìgbó fi gbogbo kọ̀ǹpútà yàrá ìdánwò wọn sí ọ lọ́wọ́. Odìgbó kò jìnnà sí mi níbí, ṣùgbọ́n ohun tí o béèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Nẹ́tíwọ̀kì á máa já níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn, ìwọ náà kì í sì í jẹ́ kí n parí gbólóhùn kí o tó bọ́ sí òmíràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

O ní ẹnì kan sọ fún ọ pé kí o lọ kọ "discard" sínú fstab, fáìlì tí Linux ti ń ka ètò àwọn dísíìkì, lórí gbogbo ẹ̀rọ tó ń lo Linux níbẹ̀, pé ètò tó bá wọn wá kò dára fún SSD. O ní ẹlòmíràn ní kí o má fọwọ́ kan ohunkóhun, pé àwọn tó ṣe é gbọ́n jù ọ́ lọ. Mi ò gba ti ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Ètò tó bá ẹ̀rọ wá, ènìyàn ló pinnu rẹ̀. Ó wo irú ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀, ó wo irú òru tí wọ́n ń sùn ní ìlú tirẹ̀, ó sì mú ọ̀kan. Bí o bá mọ ohun tó ń wò nígbà tó ń mú un, wàá mọ̀ bóyá ó rí Odìgbó níbẹ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú SSD fúnra rẹ̀. Hard disk àtijọ́, èyí tó máa ń ké kẹrẹkẹrẹ bí eku tó ń jẹ àgbàdo, orí ohun tó wà nílẹ̀ ló ń kọ tuntun lé. SSD kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú-ewé kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀, tó sábà máa ń wà láàárín KB 4 sí 16, gbọ́dọ̀ ṣófo kí ó tó lè gba nǹkan tuntun. Kò sì lè nu ojú-ewé kan ṣoṣo. Odidi búlọ́ọ̀kù, tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú-ewé nínú, ló máa ń nù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ojú-ewé tó ṣì wúlò bá wà nínú búlọ́ọ̀kù yẹn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dà á kọ síbòmíràn. Àdàkọ yìí ló ń jẹ ẹ̀mí SSD díẹ̀díẹ̀, nítorí iye ìgbà tí a lè nu búlọ́ọ̀kù kan ní òpin. Kingston A400 oní 240GB tí gbogbo wa ń rà nítorí pé owó rẹ̀ kò ga, 80TB ni ilé-iṣẹ́ náà kọ sílẹ̀ pé a lè kọ sí i. Ìyẹn pọ̀ fún ẹni tó ń tẹ lẹ́tà. Àmọ́ gbogbo ohun tí SSD bá ń dà kọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tìrẹ, ara sẹ́ẹ̀lì kan náà ló ń jẹ.

Ibi tí fáìlì tí a pa rẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ yìí rèé. Bí o bá pa fáìlì rẹ́, ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ nìkan ni ext4 tàbí NTFS máa fagi lé. SSD kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dà bí ayálégbé tó kó jáde lóru tí kò sọ fún onílé. Lójú onílé, ènìyàn ṣì wà nínú yàrá yẹn. Bí ó bá sì fẹ́ tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ṣe, yóò ru matíràsì jíjá tí ọkùnrin yẹn fi sílẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹrù àwọn tó ṣì ń sanwó, yóò máa gbé e kiri. TRIM ni ìwé tí ayálégbé kọ sílẹ̀ pé òun ti lọ, kí wọ́n da ohun tó kù nù. SATA ló ń pè é ní TRIM. NVMe ń pè é ní Deallocate, àwọn ẹ̀rọ SCSI àti ọ̀pọ̀ ilé USB ń pè é ní UNMAP. Linux kó gbogbo wọn pọ̀, ó pè wọ́n ní discard.

Windows 7 tó jáde ní 2009 ti ń fi ìwé náà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Linux gbà á fún SATA ní ẹ̀dà 2.6.33, ní 2010. Windows XP kò mọ̀ ọ́n rárá. O kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n bóyá o rántí pé XP ṣì wà lórí ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ní ìgbà tí gbogbo ayé ti gbàgbé rẹ̀. Apple ní tirẹ̀ kọ́kọ́ ṣe é fún SSD tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tà nìkan. Ọdún 2015 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àṣẹ trimforce sílẹ̀ fún àwọn tó ra SSD lọ́jà tí wọ́n fi sí i fúnra wọn, wọ́n sì kọ ìkìlọ̀ gígùn sí i bí ẹni pé o fẹ́ lọ fọwọ́ kan wáyà iná.

Ó wá ku ìgbà tí a óò fi ìwé náà ránṣẹ́. Bí o bá kọ discard sí fstab lórí ext4, gbogbo ìgbà tí fáìlì bá kú ni ìwé ń lọ. Bí o kò bá kọ ọ́, ètò kan tó ń jẹ́ fstrim.timer ni yóò máa yípo lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, á kó gbogbo àyè tó ṣófo jọ, á sì fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Irú ìyípo ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ báyìí ni Ubuntu ti ń ṣe láti ẹ̀dà 14.04, Fedora náà sì tan fstrim.timer fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀dà 32, ní 2020.

Kí ló dé tí wọn kò fi jẹ́ kí ìwé máa lọ lójú ẹsẹ̀? Wọ́n rí nǹkan tó bà wọ́n lẹ́rù ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àṣẹ TRIM orí SATA kò lè tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn àṣẹ yòókù. Bí ó bá dé, gbogbo iṣẹ́ yòókù gbọ́dọ̀ dúró títí yóò fi parí. Pa fódà ńlá kan rẹ́, kọ̀ǹpútà á dákú. SATA 3.1 mú irú èyí tó lè tò wá ní 2011, àmọ́ àwọn SSD kan ní àwọn mọ̀ ọ́n nígbà tí wọn kò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń ba fáìlì jẹ́. Títí di òní, orúkọ Samsung 840 àti 850 àti àwọn kan láti Micron àti Crucial wà nínú ìwé àwọn tí Linux kì í fi irú àṣẹ yẹn rán níṣẹ́. Ní 2015, ilé-iṣẹ́ Algolia rí i pé àwọn fáìlì wọn ń di òdo lórí àwọn sáfà. Wọ́n ní SSD Samsung ló jẹ̀bi. Samsung wá a wò, wọ́n bá àṣìṣe náà nínú Linux fúnra rẹ̀, níbi tó ti ń pín àṣẹ discard sí ọ̀pọ̀ SSD tí wọ́n so pọ̀. Ó le kú bí ìjà Orè. Àṣẹ tó ń sọ pé "da eléyìí nù", bí àdírẹ́ẹ̀sì ibẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀, ilé onílé lo máa dà nù. Ẹni tó rí irú èyí, tó wá ní kí wọ́n máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́, kì í ṣe aṣiwèrè.

Ìgbà ti ń yí padà, lóòótọ́. Btrfs ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwé ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ láti Linux 6.2, ní 2023, ṣùgbọ́n ó máa ń kó wọn jọ díẹ̀ kí ó tó rán wọn, kì í sáré. F2FS náà tàn án. XFS àti ext4 ṣì pa á. ZFS pa autotrim tirẹ̀ pẹ̀lú. Bí àwọn ọlọ́gbọ́n bá ń dá ọ̀nà tó yàtọ̀ síra wọn báyìí, ó yẹ kí o mọ̀ pé kò sí èyí tó sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ òru ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni tiwa ti yàtọ̀.

Ṣí terminal, kọ "systemctl cat fstrim.timer". Wàá rí OnCalendar=weekly. Lọ́dọ̀ systemd, weekly ni aago méjìlá òru tí ọjọ́ Ajé fi ń bẹ̀rẹ̀. Lọ sí Windows, aago méjì òru ni ìtọ́jú aládàáṣe tirẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ kò bá ṣe nǹkan kan tí ó sì wà lórí iná. Wo irú ènìyàn tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ èyí: ó ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ ní títàn, ó ń lọ sùn, iná sì wà títí di àárọ̀. Ní Orè níbí, ta ló ń fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láàgo méjì òru? Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ tí wọ́n ti ń ṣe iná mànàmáná kò jìnnà sí wa, lójú ọ̀nà Benin náà ló wà. Àwọn wáyà ńláńlá ń gba orí igbó kọjá, àwa ń wò wọ́n bí ẹni ń wo bọ́ọ̀sì tí kì í dúró ní Orè. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ dé aago mẹ́wàá ti gé e kù. Ẹni tó ní ínfátà ń ṣọ́ bátìrì rẹ̀ fún gílóòbù àti fáànù. Ẹ̀rọ wa kì í rí aago méjì òru.

Àwọn tó ṣe é ronú kàn án díẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ tiwọn. Nínú fáìlì kan náà, wàá rí Persistent=true. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí òru ọjọ́ Ajé bá kọjá tí ẹ̀rọ wà ní pípa, yóò rántí nígbà tí o bá tún tàn án. Ó dára. Ṣùgbọ́n ka ìlà tó kù: nínú àwọn ẹ̀dà tuntun, wàá rí AccuracySec=1h àti RandomizedDelaySec=6000. Ìṣẹ́jú àáyá ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú nìyẹn. Ẹ̀rọ máa mú àkókò kan láàárín rẹ̀ bó ṣe wù ú, kí ọgọ́rọ̀ọ̀rún kọ̀ǹpútà tó jọ ń lo ibi ìkó-nǹkan-sí kan má baà bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ilé ńlá tí sáfà kún inú rẹ̀, ọgbọ́n ni. Fún ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí kan, tó tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, tó sì pa á, ó ṣeé ṣe kí àsìkò tí ẹ̀rọ mú má tíì tó kí iná tó kú. Ọjọ́ kejì, á tún mú òmíràn. Kì í ṣe pé kò ní bọ́ sí i láé, lọ́jọ́ kan á bọ́ sí i. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló máa wá di ìgbà tí Ọlọ́run bá fẹ́.

Bí o bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀rọ kan wà, "systemctl list-timers fstrim.timer" yóò fi hàn ọ́. Wo abẹ́ LAST. Mo ṣe é lórí laptop ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà nítòsí gáréèjì. Ó ní ẹ̀rọ òun ti ń wúwo, ó fẹ́ kí n tún Ubuntu fi sí i. Ọjọ́ tó wà lábẹ́ LAST ti lé ní oṣù kan, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń tan ẹ̀rọ náà. Mo kọ "sudo fstrim -v /", ó dúró díẹ̀, ó dárúkọ iye GiB, ó ní "trimmed". Ara ẹ̀rọ náà yá lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún ọ pé TRIM nìkan ni, torí SSD tó kún dé ọrùn ló ń lò, mo sì jẹ́ kí ó kó fíìmù rẹ̀ kúrò. Fi àyè sílẹ̀ lórí gbogbo SSD tó wà lábẹ́ rẹ. Èyí wúlò ju ìdajì ohun tí wọ́n ń bá ọ jiyàn lé lórí lọ.

Má jẹ́ kí iye tí fstrim bá kọ dẹ́rù bà ọ́ pẹ̀lú. Kì í ṣe iye ìdọ̀tí tó rí. Lórí ext4, gbogbo àyè tó ṣófo ló ń kà. Bí o bá tún ṣe é lójú ẹsẹ̀, á kọ nǹkan kékeré, torí ó rántí èyí tó ti ṣe. Bí o bá pa ẹ̀rọ tí o tún tàn án, á tún kọ iye ńlá, torí orí mẹ́mórì ni ìrántí yẹn wà, kò sí nínú dísíìkì.

Fún yàrá ìdánwò tìrẹ gan-an, ọ̀nà tó yàtọ̀ ni màá tọ̀. Àwọn ẹ̀rọ yẹn lè sùn fún oṣù kan kí wọ́n tó jí, àárọ̀ ìdánwò ni wọ́n sì máa ń jí. Gbogbo wọn ti pàdánù òru ọjọ́ Ajé. Gbogbo wọn máa mú àsìkò láàárín ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ìdánwò nìyẹn. Ọmọ kan á máa tẹ ìdáhùn, ẹ̀rọ rẹ̀ á máa fà. SSD olówó pọ́ọ́kú kan máa ń lo ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lórí iṣẹ́ yìí. Nítorí náà, ní ọjọ́ tó ṣáájú, nígbà tí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ láti yẹ kíbọ́ọ̀dù wò, kọ "sudo fstrim -av" sí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tàbí fi ssh ṣe é láti orí tìrẹ. Pa timer náà lórí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn, kí iṣẹ́ náà di tìrẹ, kí o kọ ọ́ mọ́ ohun tí ẹ máa ń ṣe kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Lórí àwọn ẹ̀rọ ọ́fíìsì tí wọ́n ń tàn lójoojúmọ́, "sudo systemctl edit fstrim.timer" ni kí o kọ. Kọ [Timer] sí ìlà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà RandomizedDelaySec=0, àti AccuracySec=1min. Nígbà náà, bí òru ọjọ́ Ajé bá ti kọjá láìsí iná, kò pẹ́ tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ tí yóò ti ṣe é. Discard inú fstab kò pọn dandan. Kò burú lórí NVMe tuntun, ṣùgbọ́n SATA olówó pọ́ọ́kú tí ẹ kò mọ bàbá rẹ̀ ló wà nínú púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yẹn, èmi kò ní fi í sí i.

Àwọn tó ń lo Windows ńkọ́? NTFS ń ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì tún ń ṣe ti ọ̀sẹ̀ kún un. Kọ "fsutil behavior query DisableDeleteNotify". Bí ó bá dáhùn pé 0, TRIM wà ní títàn. Bẹ́ẹ̀ ni, òdo ni bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó sọ nǹkan lórúkọ báyìí yẹ kó wá bá wa tò lórí ìlà epo. Lẹ́yìn náà, ṣí "Defragment and Optimize Drives". Lábẹ́ Media type, kí ó kọ solid state drive. Bí ó bá kọ hard disk drive sí SSD, dúró, wo wáyà àti àpótí tó wà nínú rẹ̀, torí Windows fẹ́ máa to fáìlì rẹ̀ bí ẹni ń to hard disk nìyẹn, ìyẹn sì ń jẹ ẹ́ lásán. Bí o bá ń kánjú, "defrag C: /L" nínú PowerShell tí o ṣí gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, á fi ìwé ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ìwọ ọmọ yìí, o gbàgbé láti béèrè ọ̀rọ̀ àwọn SSD orí USB, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà jù. Àwọn ayàwòrán ìgbéyàwó wa ń ra SSD, wọ́n ń fi í sínú àpótí USB, wọ́n ń kó fọ́tò sí i lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ń pa á rẹ́ ní ìparí oṣù. Ọ̀kan nínú wọn gbé tirẹ̀ wá, ó ní kíkọ nǹkan sí i ti di ìrìn ìgbín. Mo so ó mọ́ Linux, mo kọ "lsblk -D". Ní ìlà SSD inú ẹ̀rọ mi, nọ́ńbà wà lábẹ́ DISC-GRAN àti DISC-MAX. Ní ìlà tirẹ̀, 0B ni lábẹ́ méjèèjì. Mo gbìyànjú fstrim lórí rẹ̀, ó dáhùn pé "the discard operation is not supported". Kì í ṣe SSD náà ni kò mọ̀ ọ́n. Ṣíìpù kékeré tó wà nínú àpótí USB yẹn, tó ń túmọ̀ èdè láàárín méjèèjì, ni kò sọ fún Linux pé òun lè gbé ìwé náà. Mo yọ SSD náà kúrò, mo so ó mọ́ ojú SATA inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, mo ṣe fstrim, mo dá a padà. Bí ẹ bá ń ra àpótí USB fún ilé-ẹ̀kọ́, mú laptop lọ ṣọ́ọ̀bù, kí o kọ lsblk -D níwájú olówó rẹ̀ kí o tó sanwó.

Kódà bí àpótí bá gbé e, fstrim.timer kò ní kàn án. Inú fstab ló ń wò kí ó tó mọ ibi tí yóò fọwọ́ kàn, SSD tí o kan so mọ́ USB kì í sì í sí níbẹ̀. Ọwọ́ lo máa fi ṣe é.

Bákan náà ni SSD tó ní LUKS lórí, ìyẹn títì tí dm-crypt inú Linux ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti dísíìkì. Ètò tó bá dm-crypt wá kì í jẹ́ kí ìwé náà kọjá, torí ẹni tó bá jí SSD náà lè mọ ibi tó ṣófo àti ibi tó kún. Wo crypttab bóyá olùfisí-ẹ̀rọ ti kọ discard síbẹ̀. Fún kọ̀ǹpútà ìdánwò, jẹ́ kí ó wà. Fún laptop ọ̀gá àgbà tó ní àkọsílẹ̀ owó, béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá fúnra rẹ̀.

Apá kan wà tí àwọn tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn kì í sọ, èmi ló sì ń dá lóhùn fún àwọn oníbàárà. Kí SSD tó gbòde, bí ènìyàn bá ṣi fódà pa rẹ́, màá ní kó jókòó, màá ṣí PhotoRec, fọ́tò á sì máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ti àwọn ọmọ tó ti di géńdé. Fáìlì ṣì wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ló lọ. Lórí SSD tí TRIM ti kàn, òdo ni PhotoRec sábà máa ń bá. Bí o bá fọ́máàtì SSD lórí Linux, mkfs.ext4 máa ń rán discard sí gbogbo ara rẹ̀ láìbéèrè. Windows náà ń ṣe é nígbà tí o bá mú Quick Format. Ìyẹn "quick" ń tan àwọn ènìyàn, wọ́n rò pé torí ó yá, kò lè pa nǹkan tán. Mo ti rí obìnrin tó ń bẹ̀ mí, tó ń da owó lé tábìlì, pé fọ́tò ìsìnkú ìyá òun ni. SSD yẹn ti mọ́ fínífíní. Káàdì inú kámẹ́rà rẹ̀ ló kó wa yọ, torí wọn kò tíì kọ nǹkan púpọ̀ lé e, ìwé TRIM kì í sì í sábà dé ọ̀dọ̀ irú káàdì bẹ́ẹ̀ láti inú kámẹ́rà tàbí ohun tí a fi ń kà á.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ ti ọ̀sẹ̀ ju ti ojú ẹsẹ̀ lọ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Bí olùkọ́ bá ṣi èsì ìdánwò pa rẹ́ lórí ẹ̀rọ Linux ní ọjọ́ Ẹtì, tó sì pè ọ́ lójú ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kí o bá nǹkan gbà padà kí fstrim tó yípo. Pẹ̀lú discard nínú fstab, ọ̀rọ̀ ti parí kí ó tó gbé fóònù. Sọ fún wọn nísinsìnyí kí ó tó ṣẹlẹ̀, kí o sì rí i pé ẹ̀dà kejì wà níbòmíràn, torí ìgbà tí fáìlì bá sọnù ni gbogbo ènìyàn máa ń di ẹni tó ní o ti ṣèlérí fún àwọn.

Fóònù náà ń ṣe é, bí ó bá wù ọ́ láti mọ̀. Láti Android 4.3, ní 2013, fóònù ń ṣe fstrim tirẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án tí bátìrì rẹ̀ sì tó. Àbúrò rẹ tó ń fi tirẹ̀ wo fídíò títí tó fi kú, tó tún ń gbé e lọ fún àwọn tó ń gba owó ṣájì, kí ó má dà á lójú pé fóònù rẹ̀ ń sinmi.

Àti pé, bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé kí o kọ "nobarrier" tàbí "barrier=0" kí ext4 lè yára, má ṣe é. Barrier wà ní títàn láti ilé, ó sì yẹ kó wà bẹ́ẹ̀. Òun ló ń rí i dájú pé àkọsílẹ̀ ext4 balẹ̀ sórí SSD ní ìtẹ̀léra tó yẹ kó tẹ̀ lé. SSD olówó kékeré kò ní kàpásítọ̀ tó lè gbé e ró títí tí yóò fi kó ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí iná bá já. Ní ibi tí iná ti ń lọ láìdágbére, ètò tó bá a wá yẹn ni mo fọwọ́ sí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni tó ní kí o pa á, bi í bóyá òun ló máa wá tún fi Linux sí wọn.

Bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Kọ lsblk -D sórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí o kọ ohun tó bá sọ àti orúkọ SSD náà sínú ìwé kan, kí o ya fọ́tò ìwé náà fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Àwọn tí 0B bá jáde fún, to wọ́n sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá gbà fún ọ, kó wọn bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kí oòrùn tó mú, torí mi ò fẹ́ kí o máa gbé SSD nínú báàgì ní orí ọ̀kadà nígbà tí ọkọ̀ ti kún ìsàlẹ̀ afárá. Gba owó epo lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, má fi tìrẹ ra á. Bí o bá ń bọ̀, mú garawa epo pupa tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin padà wá, kí o sì kí i fún mi.

Èmi ni ìyá rẹ.